Ẹnu Ẹni Tí A Pààrọ̀ Mùdùnmúdùn Fún

Nígbà tí ẹni tí ó lọ gba ìwòsàn nílẹ̀ Faransé bá padà dé sí Àjàṣẹ́, sí Kétu tàbí sí Ṣábẹ, oúnjẹ ni a fi ń kí i káàbọ̀. A ó gún iyán, a ó lọ ata, a ó sì máa wo ẹnu rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ òkèlè kan, tí omi bọ́ lójú rẹ̀, tí ó sì sún àwo sẹ́yìn, àwọn kan yóò ní ẹnu rẹ̀ ti di ti òyìnbó. Bí ó bá jẹ́ pé mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n pààrọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú mùdùnmúdùn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí í ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀jẹ̀ wa wà. Bí jẹjẹrẹ bá mú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tàbí bí fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn ará Faransé ń pè ní drépanocytose, bá ń dá a lóró, àwọn dókítà lè fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa: oríṣi kan nínú àbùdá tí ó ń fà á ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ Bénin pè.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Dausset, ni ó ṣàwárí ní ọdún 1958 àkọ́kọ́ nínú àwọn àmì HLA tí ara fi ń mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1980. Àmì wọ̀nyí ni a ń yẹ̀ wò kí a tó yan olùfúnni. Láàrin ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ìrètí pé àmì ẹni méjì yóò bára mu pátápátá kò ju ọ̀kan nínú mẹ́rin lọ. Bí wọ́n tilẹ̀ bára mu, ìjà ṣì lè bẹ́ sílẹ̀.

Bí a bá fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí ara, onílé ni ó máa ń fẹ́ lé àlejò jáde. Níhìn-ín, àlejò ni ọmọ ogun. Ẹ̀jẹ̀ funfun tí ó ti ara olùfúnni wá wo ilé tí ó wọ̀, ó rí i pé kì í ṣe ilé baba òun, ó sì dojú ìjà kọ onílé. GVH ni àwọn dókítà Faransé ń pè é. Ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lè jèrè díẹ̀ nínú ìjà náà, nítorí ọmọ ogun kan náà ni ó ń ṣọdẹ jẹjẹrẹ tí ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ó lọ nítorí fòníkú-fọ̀ladìde kò rí èrè kankan níbẹ̀.

Ìjà náà ń kọlu awọ ara, ojú, ẹ̀dọ̀ àti ìfun, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti di onígbà pípẹ́, ẹnu wà lára ibi tí ó sábà máa ń fara hàn jù lọ. Kí a má ṣe fi í wé egbò ẹnu ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì, tí oògùn líle ń fà, tí ó sì máa ń san. Èyí lè dé lẹ́yìn oṣù púpọ̀, nígbà tí gbogbo ilé ti dúpẹ́ tán. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ta bí ilé aláǹtakùn nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lára ahọ́n. Ibòmíràn yóò pọ́n, yóò sì bó. Ata, ọsàn wẹ́wẹ́, gàrí kíkan, àní ọṣẹ ìfọyín tí ó ń ta, gbogbo rẹ̀ a di iná. Nígbà mìíràn awọ ẹ̀bá ẹnu a le, ẹnu kò sì ní í lè là dáadáa.

Ohun tí a kì í kà sí ni itọ́. Ìjà náà ń ba orísun rẹ̀ jẹ́, ẹnu a sì gbẹ. Iyán kò ṣeé gbé mì láìsí itọ́; eyín tí itọ́ kò fọ̀ mọ́ ń jẹrà kíákíá, pàápàá lẹ́bàá èrìgì.

Oògùn wà. Àwọn dókítà a máa fúnni ní omi dexamethasone tí a fi ń ṣan ẹnu tí a sì ń tu dànù, àti fluoride fún ààbò eyín. Àwa tí a fi pákò dàgbà kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni ó yẹ ẹnu tí ó ti bó.

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni pé jẹjẹrẹ ẹnu lè yọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ewu rẹ̀ sì ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹnu ẹni bẹ́ẹ̀ wò lọ́dọọdún títí ayé rẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Egbò tí kò bá san láàrin ọ̀sẹ̀ 2, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kí ó mú ìwé ìwòsàn rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì dárúkọ greffe náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín kankan. Ní ti ìyá tí ń se ọbẹ̀ ìkíni-káàbọ̀, kí ó bu díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó da ata sí i.