Mọ́ṣáláṣí Àdúgbò Wa àti Àwọn Aláìní



Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé Mẹ́dínà ní ọdún 622, ọmọ òrukàn méjì ni ó ni ilẹ̀ tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ sí. Wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ta á lọ́rẹ, ó kọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n gba owó rẹ̀. Nínú mọ́ṣáláṣí yìí kan náà ni àwọn aláìnílé tí à ń pè ní Ahlu Sufa ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Nítorí náà, kò yẹ kí ratibi àdúgbò jẹ́ ilé tí a ń ṣí kírun, tí a sì ń tì pa lẹ́yìn ìrun. Lèmọ́mù àti àwọn ìyá àsàlátù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ ilé tí bàbá ti kú, tí ọmọ kò lọ síléèwé mọ́. Opó tí kò lóyún yóò ṣe opó fún oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Ní àkókò yìí, ilé ni ó máa ń wà, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú kì í jẹ́ kí ó ránṣẹ́ pé ebi ń pa àwọn ọmọ. Àwa ni ó yẹ kí a lọ bá a.

Owó ńkọ́? Sàká, ìdá kan nínú 40 owó tí ó pé òṣùwọ̀n tí ó sì pé ọdún, ní irú ènìyàn 8 tí ó tọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí Súúratu Taoba ṣe là á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé a kì í fi ra ẹní tàbí kun mọ́ṣáláṣí. Sàráà ni a fi ń ṣe ìyẹn. Ikú bàbá nìkan kọ́ ni ó sọ sàká di ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn, àìní rẹ̀ ni. Èyí tí bàbá rẹ̀ bá fi ogún sílẹ̀ fún, kí a bá a ṣọ́ ogún náà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́rùn wa.

A bẹ̀ yín, kí ratibi kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yóò máa kọ orúkọ àwọn aláìní sínú ìwé, tí wọn yóò sì máa bẹ̀ wọ́n wò nílé. Kí a má ṣe kéde orúkọ ẹni tí a fún lórí sípíkà. Ẹni tí a bo àṣírí rẹ̀ ni yóò tún lè padà wá bá wa.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní ìjọ́sìn lọ́wọ́ wa. Àmín.