Ojúkòkòrò Kì Í Ṣe Ọgbọ́n Ajé

Nínú eré Star Trek: Deep Space Nine, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1993, àwọn Ferengi, ẹ̀dá ayé mìíràn, ní òfin 285 nípa èrè jíjẹ. Ẹ̀fẹ̀ ni eré náà fi ń bú ojúkòkòrò. Ní Benin, ẹkún ni irú òfin bẹ́ẹ̀ yọrí sí nígbà tí ilé-iṣẹ́ ICC Services, tó ń gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú, dojú dé lọ́dún 2010: owó ẹni tuntun ni wọ́n fi ń san èlé fún ẹni àtijọ́, títí àpò fi gbẹ.

Àwọn kan á ní ojúkòkòrò àwọn tó fowó sílẹ̀ ló fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń gba èlé kì í ṣe òmùgọ̀ bó bá gbà á gbọ́. Nítorí náà, kí oníṣòwò Pobè tàbí Sakété tó kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ béèrè: ọjà wo ló ń mú èrè yìí wá?