Ohun tí Ọṣẹ Ń Ṣe sí Kòkòrò Àrùn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹni tí ó bá ti fọ àwo ọbẹ̀ rí mọ̀ pé omi lásán kò lè ṣí epo pupa kúrò lára àwo. Ṣùgbọ́n bí ọṣẹ bá ti kàn án, epo yóò tú, yóò sì bá omi lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ègé ọṣẹ kọ̀ọ̀kan, tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ní orí tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù tí ó fẹ́ràn ọ̀rá. Ìrù a wọ inú epo, orí a sì fà á tẹ̀lé omi.

Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ni ó jẹ́ pé ọ̀rá ni ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀. Lára wọn ni ti ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ọdún 1969. Ti Ebola, tí ó wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014. Àti ti Kòrónà, tí ó dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020. Bí ọṣẹ ti ń tú epo, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa ẹ̀wù wọn ya. Kòkòrò tí ẹ̀wù rẹ̀ ti ya kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn mìíràn kò wọ ẹ̀wù ọ̀rá, irú èyí tí ó ń fa àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọṣẹ kì í fa ìwọ̀nyí ya. Ó ń ṣí wọn kúrò lára awọ ni, kí omi lè gbé wọn lọ. Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ dáadáa.

Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, ẹ jẹ́ kí a máa ṣe báyìí:

1. Ẹ fi ọṣẹ ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Ẹ rọra ka ení dé ogún kí ẹ tó fi omi ṣàn án.

2. Ẹ ṣe é kí ẹ tó dáná, kí ẹ tó bọ́ ọmọ, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, àti lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí ọmọ. Ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ tó. Kò dìgbà tí ó bá wọ́n.

3. Ẹ fi ìdérí bo gàrí àti èlùbọ́, nítorí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ibà Lassa ń bá wọlé. Ọṣẹ kò lè tún oúnjẹ tí eku ti bà jẹ́ ṣe; ẹ dà á nù.

4. Ọ̀rá wà lára awọ tiwa náà. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun wẹ ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ojú rẹ̀.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi í mọ́. Ẹ má gbàgbé ọṣẹ láàárín wọn.