Ìjánu Ọkọ̀ àti Ìjánu Ẹ́ńjìnnì: Ọ̀rọ̀ àti Iṣẹ́ Wọn ní Gúúsù Èkìtì

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun méjì tí ń kó ọkọ̀ níjàánu, kí a sì wo ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ nípa wọn. Ìdí tí a fi mú Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ṣe àpẹẹrẹ kò fara sin: ilẹ̀ olókè ni. Ẹni tí ó bá ń ti Adó lọ sí Àkúrẹ́ yóò gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá láàrin àwọn àpáta ńláńlá, tí Olósùnta àti Òròlé wà lára wọn. Níbi tí òkè bá pọ̀ sí, bí a ṣe ń sọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń gùn ún lọ.

Ìjánu ni ìwé wa ń pè é. Bíréèkì ni awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń pè é. A kò rí ohun tí ó burú nínú méjèèjì. Ẹnu ẹṣin ni a ti mú ìjánu wá, ẹṣin kò sì ṣàjèjì sí wa bí a tilẹ̀ wà nínú igbó. Olówè, agbẹ́gilére Ìsẹ̀ tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára òpó ààfin. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò mọ́ ọn ni ó ń kọ wá lóminú. A máa ń sọ pé 'bíréèkì já'. Okùn ni í já. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ohun kan gé lójijì, pé kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe ju kí ó ké pe Ògún lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ bíréèkì ni láti sọ ìrìn di ooru. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, òróró inú páìpù yóò fún páàdì mọ́ irin tí ń bá táyà yí, ìfarakanra wọn yóò sì mú ooru jáde, bí ìgbà tí a ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ nígbà ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ kékeré tí ó wúwo tó 1,500 kílò bá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ó fi 100 mítà ga ju ìsàlẹ̀ lọ, tí a kò sì jẹ́ kí eré rẹ̀ pọ̀ sí i, ooru tí yóò jáde tó láti mú omi lítà mẹ́rin hó. Ti tírélà tí ó wúwo tó 30,000 kílò yóò mú omi tí ó lé ní 80 lítà hó. Bí awakọ̀ bá gbé gbogbo iṣẹ́ yìí lé bíréèkì nìkan, ìdí táyà ni ooru náà ń lọ. Páàdì tí ó gbóná kọjá ààlà kì í mú mọ́. Òróró bíréèkì pẹ̀lú a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra: DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bí 140°C. Bí ó bá hó, oruku rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ẹsẹ̀ á sì wọlẹ̀ títí kan ilẹ̀ ọkọ̀. Kò sí ohun tí ó já. Bí ó bá tutù tán, mẹkáníìkì lè tẹ̀ ẹ́ kí ó mú dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Ìjánu kejì ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ó sáré, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sé pátá; písítìnnì yóò máa fa afẹ́fẹ́ tí kò rí fà, bí ẹni tí ń fi ẹnu fa ìgò òfìfo. Làálàá yìí ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí jíà bá ṣe kéré tó ni ẹ́ńjìnnì yóò ṣe yí kíákíá tó, tí yóò sì dì í mú tó. Nítorí náà ni àwọn àgbà awakọ̀ ṣe ń sọ pé jíà tí a fi gun òkè ni kí a fi sọ̀ ọ́, kí a sì ti wọ̀ ọ́ kí ìdagẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀, 2 tàbí L ni a ń fà á sí.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, agbára ìdánidúró rẹ̀ kò sì tó. Clessie Cummins ará Amẹ́ríkà mọ èyí ní 1931, nígbà tí tírélà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ọkọ̀ ojú irin ní ìdagẹ̀rẹ̀ Cajon ní Kalifọ́níà. Ó ronú lé e títí, ní 1961 ni ìjánu ẹ́ńjìnnì tí ó ṣe jáde fún títà. Ní tiwa, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, tírélà kan tí wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ kọṣẹ́ pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá Àkókó, ìlú olókè tí kò jìnnà sí Èkìtì.

Ọ̀tá ìjánu kejì yìí ni 'fíríì'. Láti ìgbà tí owó epo ti gbówó lórí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ń yọ jíà bí wọ́n bá ti dé orí òkè, pé àwọn ń ṣọ́ epo jẹ. Nínú àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń bu epo fún, òdìkejì ni. Bí táyà bá ń yí ẹ́ńjìnnì nínú jíà, kọ̀ǹpútà á dá epo dúró pátápátá. Nínú fíríì, ó ní láti máa bu epo kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ẹni tí ó tún pa ẹ́ńjìnnì burú jù, nítorí lẹ́yìn ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ohun tí ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yóò tán, bíréèkì á sì le bí òkúta.

A dábàá pé kí a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 'ìjánu ẹ́ńjìnnì', kí 'fi jíà mú un' tí awakọ̀ ń sọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a fi 'já' sílẹ̀ fún ìgbà tí páìpù bá já ní tòótọ́. Fún èyí tí ooru fà, 'bíréèkì gbóná, kò mú mọ́' ni kí a wí.