Ilé Ẹjọ́ Dé Pọ́bẹ̀

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé ìwé wa léèrè pé ta ni ó dá ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀, wọn a ní, «Àwọn Faransé ni.» Ìdáhùn náà kò pé. Oríṣi méjì ni ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀: ọ̀kan ń lo òfin Faransé, èkejì ń fi àṣà dá ẹjọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ìwé àṣà tí wọ́n ṣe ní 1931, Coutumier du Dahomey, ka obìnrin mọ́ ohun ìní ọkọ rẹ̀.

Òfin 64-28, ti 9 Oṣù Kejìlá 1964, ni ó ṣètò ilé ẹjọ́ Dàhòmì olómìnira. Síbẹ̀, ìwé 1931 yẹn kò kúrò níwájú adájọ́. Ó di 1996 kí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ tó sọ pé kò ní agbára òfin. Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn òmìnira!

Òfin 2001-37, tí a fọwọ́ sí ní 27 Oṣù Kẹjọ 2002, sọ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ mẹ́jọ di 28, lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilé fún ọdún púpọ̀. Ará Kétu ṣì ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, kí ti Pọ́bẹ̀ tó ṣí.

Ọ̀nà ti kúrú, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìdájọ́. Ìyá àgbà tí ó jàre ní Pọ́bẹ̀ lè ní láti pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ó wá kà á fún un.