Ṣé O Mọ̀? Nǹkan Kékeré Tó Ń Da Bàálù Láàmú

Ṣé o mọ̀ pé àpótí dúdú tí wọ́n máa ń wá kiri bí bàálù bá já kì í ṣe dúdú rárá? Àwọ̀ ọsàn ni wọ́n máa ń kùn ún, kí ojú lè tètè rí i nínú igbó tàbí nínú omi. David Warren, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ló ronú kan ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń gba ohùn àwọn awakọ̀ bàálù sílẹ̀. Ìjàǹbá bàálù ló pa bàbá rẹ̀ lọ́dún 1934, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọ kékeré.

Ẹjọ́ tí àpótí náà sì máa ń rò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ti ìjì tàbí mànàmáná. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ṣé o mọ̀ pé agbọ́n lè mú kí bàálù já? Ní oṣù kejì ọdún 1996, bàálù Birgenair kan gbéra ní Puerto Plata, lórílẹ̀-èdè Dominican Republic, ó sì já sínú òkun. Èèyàn 189 ló kú. Ihò tín-ín-rín tí bàálù fi ń mọ bí eré òun ṣe pọ̀ tó ti dí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni bàálù ti wà nílẹ̀ láìsí ìdérí lẹ́nu ihò náà, àwọn olùwádìí sì fura pé agbọ́n ló kọ́lé amọ̀ sínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ó kan téèpù. Wọ́n fọ bàálù Aeroperú kan ní Lima, wọ́n fi téèpù dí àwọn ihò tó fi ń mọ bí òun ṣe ga tó, wọ́n sì gbàgbé téèpù náà síbẹ̀. Lóru, lórí òkun, àwọn awakọ̀ kò mọ bí àwọn ṣe ga tó mọ́. Nínú èèyàn 70, ẹyọ kan kò yè.

Gílóòbù ńkọ́? Ní December 29, 1972, iná kékeré tó yẹ kó fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú bàálù iléeṣẹ́ Eastern kan ti jáde kò tàn, nítòsí Miami. Gbogbo àwọn tó wà nídìí ọkọ̀ gbájú mọ́ gílóòbù, kò sẹ́ni tó fura pé bàálù ń rọra lọ sílẹ̀, títí ó fi wọnú irà. Èèyàn 101 ló bá a lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ti jáde tipẹ́ o!

Ṣé o mọ̀ pé awakọ̀ kan ti rìnrìn àjò lẹ́yìn òde bàálù? Ní June 10, 1990, bàálù British Airways gbéra ní Birmingham, ó ń lọ sí Málaga. Ṣàdédé ni gíláàsì iwájú ṣí kúrò, afẹ́fẹ́ sì fa ọ̀gá awakọ̀, Tim Lancaster, síta títí dé ìbàdí. Òṣìṣẹ́ kan rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rò pé ó ti kú, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ fi í sílẹ̀, kí òkú má lọ kó sínú ẹ́ńjìnnì. Igbákejì rẹ̀ ló gbé bàálù balẹ̀ ní Southampton. Kí ló fà á? Bóòtù 90 ló di gíláàsì náà mú, 84 nínú wọn ló kéré jù, torí ojú lásán ni ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ fi wọn bóòtù. Lancaster kò kú. Oṣù mẹ́fà kò pé tó fi padà sídìí ọkọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù, ọ̀gá awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ kan náà? Bí inú bá run ọ̀kan, èkejì á wà á.

Èyí tó kàn wá gan-an nìyí. Ní July 11, 1991, bàálù tí Nigeria Airways háyà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Kánádà kan fẹ́ kó àwọn tó lọ sí Mẹ́kà padà wá sí Sókótó. Afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kò tó, àwọn mẹkáníìkì sì mọ̀. Wọn kò rí náítírójìn tí wọn yóò fi fẹ́ ẹ, àwọn aláṣẹ kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Bó ṣe ń sáré láti gbéra ní Jeddah, táyà gbóná, ó bẹ́, ó gbiná, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ tó ń jó náà wọnú bàálù láìmọ̀. Gbogbo èèyàn 261 ló ṣègbé.

Torí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí o dúró ní Ìkẹjà torí táyà kan ṣoṣo, má bú mẹkáníìkì. Jókòó, kí o jẹ́ kó fẹ́ ẹ.