Yíyan Asẹ́ Omi fún Àpótí Ọmọ Ẹja Àrọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ipò Agbègbè Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà

Ìfáárà

Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ó ń pèsè ẹja àrọ̀ jù lọ ní àgbáyé. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé gbígbé ti fara kínra, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fẹ́ sin ẹja ni ó ní ilẹ̀ tí yóò gbẹ́ sí adágún. Àpótí gíláàsì kékeré lè gba ọmọ ẹja ní ẹ̀yìnkùlé tàbí ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́. Omi inú rẹ̀ ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ọmọ ẹja tí ń wẹ̀ káàkiri ní ìrọ̀lẹ́ lè ti kú tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé irú asẹ́ omi tí ó yẹ ọmọ ẹja, ìgbà tí ó yẹ kí a pèsè rẹ̀, àti ìdí tí asẹ́ tí ó lágbára jù kì í fi í ṣe èyí tí ó dára jù.

Iṣẹ́ tí asẹ́ ń ṣe

Ẹni tí ó bá gbọ́ “asẹ́” yóò rántí asẹ́ ògì, tí ń dá èérí dúró tí ń jẹ́ kí omi ògì kọjá. Asẹ́ àpótí ẹja ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Ara ẹja ń tú amóníà sínú omi, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó sì jẹrà ń fi kún un. Májèlé ni amóníà jẹ́ fún ẹja. Àwọn bakitéríà kan a máa sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn a sì sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ewu rẹ̀ kéré púpọ̀. Pípààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lóòrèkóòrè ni ó ń dín èyí kù.

Àwọn bakitéríà wọ̀nyí nílò ọ́síjìn àti ibi tí wọn yóò lẹ̀ mọ́. Ihò wẹ́wẹ́ inú fóòmù ni ilé wọn. Ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú asẹ́ tuntun.

Àfiwé oríṣìí asẹ́

Asẹ́ tí a fi ń kọ́ sí etí àpótí àti èyí tí ó dá dúró ní ìta nínú ike tí a dé pa ń lo pọ́ńpù iná láti fa omi. Bí pọ́ńpù bá ń fa lítà 600 ní wákàtí kan nínú àpótí lítà 60, gbogbo omi náà yóò gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí kan. Ẹja ńlá lè fara da irú ìṣàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ àrọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tó sẹ̀ǹtímítà 1 ní gígùn. Pọ́ńpù yóò fà á wọlé, tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kú. Ẹni tí kò bá ní òmíràn gbọ́dọ̀ fi fóòmù bo ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé.

Asẹ́ fóòmù yàtọ̀. Ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà. Bí ìfófòó ṣe ń gòkè ni omi ń rọra gba inú fóòmù kọjá. Kò ní ẹnu tí ó lè gbé ọmọ ẹja mì, ó sì ń fi ọ́síjìn kún omi. Èyí ṣe kókó, nítorí ẹ̀yà ara tí àgbà àrọ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi kò tíì gbó nínú ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Edé kéékèèké náà jàǹfààní nínú irú asẹ́ yìí, nítorí wọ́n lè máa ṣa ohun jíjẹ lára fóòmù. Bí àwọn àgbà ṣe wí, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iná àti omi ní Ọ̀tà

Iná mànàmáná kì í dúró déédéé. Bí iná bá lọ, bakitéríà inú asẹ́ tí a dé pa a máa kú nítorí àìsí ọ́síjìn. Nígbà tí iná bá dé, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò tú padà sínú àpótí. Fóòmù tí ó wà nínú omi gbangba kì í tètè bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kò gbà ju wáàtì 3 sí 5 lọ, nítorí náà bátìrì lè gbé e di òwúrọ̀. Kí a gbé e sí ibi tí ó ga ju omi lọ, kí omi má baà gba inú rọ́bà ṣàn padà bí iná bá lọ. Kí ó sì jìnnà sí èéfín jẹnẹrétọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá fà ni ó ń fún ẹja.

Omi kànga ẹ̀rọ kì í sábà ní ọ́síjìn púpọ̀, ó sì lè kan. Bí ìwọ̀n pH bá lọ sílẹ̀ tó 6, iṣẹ́ bakitéríà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ó yẹ kí a fi afẹ́fẹ́ rú u fún ọjọ́ kan kí ó tó kan ẹja. Omi tí a fi kílórínì sí ń pa bakitéríà. Nítorí náà, omi inú àpótí gan-an ni kí a máa fi fọ fóòmù. Asẹ́ kankan nínú ìwọ̀nyí kò lè mú òjé tàbí irú irin bẹ́ẹ̀ tí ó ti yòrò sínú omi kúrò. Ní agbègbè ilé-iṣẹ́, àyẹ̀wò omi ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rírà asẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹyin àrọ̀ a máa pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Ní nǹkan bí ọjọ́ 3 lẹ́yìn náà, oúnjẹ inú àpò ẹyin ara ọmọ ẹja á tán, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Kò ju ọjọ́ 5 lọ nínú gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bakitéríà nílò ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tí ó dúró di ọjọ́ tí ẹyin dé kí ó tó ra asẹ́ ti pẹ́ jù. Olùkọ́ tí yóò fi ọmọ ẹja kọ́ni ní sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan gbọ́dọ̀ fi fóòmù sínú àpótí tí ẹja díẹ̀ ti ń gbé ní oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ni ẹja tí ń dàgbà, kì í ṣe òkú ẹja lójú omi.